Ẹ Má Sá NIN àti BVN Yín Síta bí Èlùbọ́

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀, ọlọ́jà àti ará ilé tó ń kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan lágbègbè wa nígbà ọ̀gbìn tó kọjá ló mú kí wọ́n ní kí n kọ ìwé yìí. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ra dátà tàbí bí wọ́n ṣe ń ṣí Chrome. Ẹ mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni mo bá wá, torí ojoojúmọ́ ni mò ń bá a pàdé: líǹkì á dé sórí WhatsApp, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ohunkóhun tí fọ́ọ̀mù bá sì béèrè, ẹ ó kọ ọ́ sí i.

Alẹ́ ni líǹkì tiwọn wọ gúrúùpù ẹgbẹ́. Wọ́n ní àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan á gba ajílẹ̀ NPK àpò 5 ní ìdajì owó. Àmì ìjọba wà lókè fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí, NIN, BVN, nọ́ńbà àkáǹtì, nọ́ńbà iwájú káàdì ATM àti 3 tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kan tó ń gbin ẹ̀gẹ́ kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹnì kan pè é, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka nọ́ńbà 6 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yẹn fún mi.” Màmá kà á. Owó gàrí oṣù 4 lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi fóònù náà hàn mí, atẹ̀jíṣẹ́ báǹkì ṣì wà níbẹ̀. Lábẹ́ nọ́ńbà 6 yẹn gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ wọn tó gbọ́ ọ wà nínú yàrá kejì; wọn ò pè é.

Káàdì ATM ṣeé pa, àkáǹtì ṣeé tì. NIN jẹ́ nọ́ńbà 11, BVN náà 11, ọwọ́ yín ni wọ́n sì máa wà títí ayé. Ẹ wá ń kọ wọ́n fún ẹni tí ẹ ò mọ ojú rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí àlejò mọ ibi tí ẹ kó irúgbìn sí.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ka líǹkì náà. Lẹ́yìn https://, ẹ wá ìlà / tó kọ́kọ́ yọjú. Ohun tó ṣíwájú rẹ̀ gẹ́rẹ́ ló ń sọ ẹni tó ni ilé, ìyẹn wẹ́ẹ̀bù náà. Bó bá jẹ́ ti ìjọba Nàìjíríà, .gov.ng ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn níbẹ̀, pẹ̀lú àmì (.) níwájú gov. Bí .com tàbí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tún lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn gov.ng kí ìlà náà tó dé, ilé ẹlòmíì lẹ wà, ẹ jáde. Bí kò bá sí ìlà kankan, ẹ wo ìparí rẹ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ rí https tàbí àmì àgádágodo. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò lè ka ohun tí ẹ fi ránṣẹ́. Olè náà lè ra àgádágodo sí ilé tirẹ̀.

PIN, nọ́ńbà 6 tó bá wọlé, àti 3 ẹ̀yìn káàdì: fọ́ọ̀mù ajílẹ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ gba ọ̀kan nínú wọn. Bó bá béèrè NIN tàbí BVN, ẹ fún ara yín ní ọjọ́ 2, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ bi wọ́n bóyá ètò náà wà lóòótọ́. Ètò tó bá máa kú kí ọjọ́ 2 tó pé, ẹ jẹ́ kó kú.

Ọ̀rọ̀ ápù ẹ̀yáwó náà ń kó mi lọ́kàn sókè. Láti ọdún 2023 ni Google ti sọ pé ápù ẹ̀yáwó tó bá wà lórí Play Store kò gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà àwọn ènìyàn tàbí àwòrán inú fóònù yín mọ́. Èyí tí wọ́n bá fi WhatsApp ránṣẹ́ kò gba ibodè yẹn kọjá rárá. Ẹ má gbé e sórí fóònù. Bó bá ti wà níbẹ̀, ẹ wọ Settings, Apps, ẹ tẹ orúkọ ápù náà, ẹ wọ Permissions, ẹ gba Contacts, SMS àti Photos lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá yọ ọ́ dànù.

Ẹ̀yin tó ń lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà: mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan lọ́jà, mo ṣí Downloads, ìwé NIN àwọn ènìyàn ló kún ibẹ̀, tàwòrán tàdírẹ́ẹ̀sì. Mo kà á dé 40 kí n tó ṣíwọ́. Ẹ ní kí wọ́n fi Incognito ṣí wẹ́ẹ̀bù fún yín, kí ẹ rí i pé wọ́n pa ìwé yín rẹ́ ní Downloads àti ní Recycle Bin kí ẹ tó sanwó. Incognito ò bo ojú ẹni tó ni wẹ́ẹ̀bù náà o. Kò kàn ní jẹ́ kí ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á tí ẹ sì ti kúrò rí ibi tí ẹ lọ ni.

Ẹni tó bá ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú irú fọ́ọ̀mù olè bẹ́ẹ̀ ná, kó pe báǹkì láàárín 30 ìṣẹ́jú, kó ní kí wọ́n ti àkáǹtì àti káàdì. Kò sí pé ó dọ̀la. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ẹni tó gba nọ́ńbà yín ohun tó ń fi ṣe. NDPC, àjọ tó ń bójú tó ààbò dátà ní Nàìjíríà, ló ń gba ẹ̀sùn.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ yé sọ pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ NIN àti BVN mọ́ gúrúùpù kí ẹ lè kọ orúkọ. Inú ìwé ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ìwé náà wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Bó bá ti wà ní gúrúùpù WhatsApp, ẹni tó fi í ránṣẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 2 péré láti pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Èyí tó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ mú fóònù wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí oníkálukú pa á rẹ́ lórí tirẹ̀, kí ẹ sì dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe é tán.