Bí A Ṣe Lè Fi Àwọ̀ Mú Inú Ilé Yá Gágá ní Àkókò Ọyẹ́ ní Abẹ́òkúta

Ní àwọn ilẹ̀ òkèèrè tí ìgbà òtútù ti ń mú gan-an, ọ̀sán a máa kúrú débi pé inú òkùnkùn ni àwọn ènìyàn ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́, inú òkùnkùn náà ni wọ́n sì ti ń padà sílé. Ní ọdún 1984 ni dókítà ọpọlọ kan, Norman Rosenthal, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ àpèjúwe ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó máa ń bá àsìkò bẹ́ẹ̀ rìn. Ti Abẹ́òkúta yàtọ̀, nítorí pé ìlú wa kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀sán tí ó kúrú jù lọ àti èyí tí ó gùn jù lọ nínú ọdún kò sì tó wákàtí kan. Ohun tí ọyẹ́ ń gbà lọ́wọ́ wa ni àwọ̀. Eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà á bo ojú ọ̀run, ewé igi á ṣá, òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà àti ilẹ̀ pupa á sì di ẹyọ àwọ̀ kan ṣoṣo láti Òkè Olúmọ títí dé etí odò Ògùn. Ẹni tí ó bá wọlé láti inú èyí, tí inú ilé náà tún rí bákan náà, ojú rẹ̀ kò ríbi sinmi.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí agbára àwọ̀ mọ. Ẹni tí ojú ọjọ́ kàn sú lásán ni kọ́tìnì tuntun lè ràn lọ́wọ́. Bí ìbànújẹ́ bá gbé ènìyàn dè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oorun rẹ̀ dàrú, tí oúnjẹ kò wù ú, tàbí tí ó ń ronú àtipa ara rẹ̀ lára, dókítà ni kí ó tètè lọ rí. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti Arò kò jìnnà sí wa, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ti jẹ́ ọ̀gá nígbà tí ilé ìwòsàn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954. Kò di ìgbà tí orí ènìyàn bá dàrú kí ó tó lọ síbẹ̀.

Ojú fèrèsé ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó náwó sí ohunkóhun. Nẹ́ẹ̀tì tí eruku ti dí ojú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kọ́tìnì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta kọ́tìnì síbẹ̀. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu gíláàsì tẹ̀yìn-tojú. Nígbà tí ọyẹ́ bá le, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa tún un ṣe. Àjà ilé náà, funfun ni kí ó wà, nítorí pé òun ni ó ń da ìmọ́lẹ̀ padà sínú yàrá jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ibi tí yàrá kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lókè wa, nítorí náà yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àríwá kì í rí oòrùn rárá. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fún ní àwọ̀ tí ó mọ́ tí ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, bí àwọ̀ kírímù tàbí àwọ̀ ìyeyè tí kò le ju ògì àgbàdo pupa lọ. Yàrá tí oòrùn gúúsù ń wọ̀ lè gba àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró láìṣókùnkùn. Pupa tí ó ń jó bí iná, orí tìmùtìmù kan tàbí méjì ti tó o.

Ní tèmi, aṣọ ni mo yàn ju ọ̀dà lọ. Ọyẹ́ kì í ju oṣù díẹ̀ lọ, a sì lè ká aṣọ kúrò nígbà tí òjò bá dé. Àwa sì ni a ni Ìtòkú, ọjà àdìrẹ. Ẹni tí ó bá lọ ra àdìrẹ níbẹ̀, kí ó gbé aṣọ náà jáde sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, kí ó wò ó lójú ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ iná. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ tàbí páànù tí wọ́n gé ya ọnà sí pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, a máa ní ojú funfun tàbí aró fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ẹ̀kọ ti dí aró lọ́nà. Bí ojú funfun náà bá pọ̀, ó yẹ fún kọ́tìnì. Bí aró bá ti gba gbogbo rẹ̀ tán, ẹ fi rán ìbòrí ìrọ̀rí, torí aṣọ dúdú ńlá yóò mu ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó kù. Kàm̀pálà aláwọ̀ ìyeyè tàbí àwọ̀ ọsàn dára lórí ìbùsùn. Àdìrẹ tuntun a máa ṣí, nítorí náà ẹ dá a fọ̀ nínú omi tútù, kí ẹ sá a síbòòji. Oòrùn a máa ṣá aró, nítorí náà kọ́tìnì ojú gúúsù nílò aṣọ funfun lẹ́yìn. Eruku ọyẹ́ hàn púpọ̀ lára aró. Ẹ gbọ̀n ọ́n níta kí ẹ tó fi omi kàn án.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà ni ẹ fẹ́ dandan, ẹ kùn ún ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó gbilẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa mú ọ̀dà olómi gbẹ lójijì, ipa búrọ́ọ̀ṣì á hàn, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọ̀ a máa le lára ògiri ju bí ó ti rí lórí káàdì kékeré lọ. Ẹ kun páálí ńlá kan, ẹ gbé e ti ògiri, kí ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́ pẹ̀lú iná tí ẹ ń lò gan-an. Ọ̀dà ilé àtijọ́ lè ní òjé nínú, nítorí náà ẹ má ṣe ha á ní gbígbẹ níbi tí ọmọdé wà.

Gílóòbù lè ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó ní K lẹ́yìn lára páálí rẹ̀, òun ni ó ń sọ irú àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní: 6500K funfun gbòò, ó sì ń mú kí àwọ̀ kírímù rí bí eérú, nígbà tí 3000K ń mú un tàn dáadáa ní pálọ̀. Níbi tí ọmọ ti ń kàwé tàbí tí a ti ń ṣa ẹ̀fọ́, ẹ lo 4000K.