Kí Ọkọ̀ Tí A Kùn Nílé Tó Lè Dán

Dídán tí ojú ń rí lára ọkọ̀ kì í ti inú agolo ọ̀dà wá. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ nínú bàsíà máa ń fi ojú ẹni han ẹni; bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lù ú, àwòrán náà á fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara ọkọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá tẹ́, yóò dán. Bí ó bá rí gbágungbàgun, bó ti wù kí ọ̀dà náà wọ́n tó, ṣíṣú ni yóò ṣú. Ìdí nìyí tí ìwé yìí fi máa pẹ́ lórí híhọ ju fífín lọ.

Ìgbà tó yẹ

Ní Iléṣà, láti ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ló dára jù, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tíì mú. Tínà, ohun olómi tí a fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, máa ń yára gbẹ, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń mú kí ara irin tutù. Bí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, bíi ti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, omi inú afẹ́fẹ́ á sẹ̀ sórí ọ̀dà tútù náà, ọ̀dà á sì funfun bí ẹni fi ẹfun pa á lára. Ọyẹ́ kò ní ìṣòro yìí, eruku pupa ojú títì tí a kò dà lọ́dà ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ọyẹ́ lẹ máa ṣe é, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ díẹ̀ kí eruku lè jókòó, ẹ má jẹ́ kó di àbàtà.

Ìlú tí òkè àti igbó yí ká ni ìlú wa, ìrì kì í tètè gbẹ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ kí aago 10 òwúrọ̀ tó lù, ẹ sì parí kí kòkòrò ìrọ̀lẹ́ tó jáde. Abẹ́ òjìji ni kẹ́ ẹ ti ṣe é: bí irin bá gbóná lábẹ́ oòrùn, òkè ọ̀dà á gbẹ kí ìsàlẹ̀ tó gbẹ, afẹ́fẹ́ tínà tó há sábẹ́ á wá ta jáde bí ìléròrò. Bí kòkó tàbí èlùbọ́ bá wà lójú oòrùn lágbàlá, ẹ kó o kúrò. Òórùn tínà tètè ń wọ̀ wọ́n lára.

Ọ̀dà tó ti wà lára ọkọ̀

Ẹ rẹ aṣọ funfun sínú tínà, ẹ fi nu ibi tó fara sin, bí etí ilẹ̀kùn. Bí àwọ̀ bá yọ́ mọ́ aṣọ, ọ̀dà tí tínà ń tú ni. Bí ó bá wú tó sì hunjọ, ọ̀dà olóròóró ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kun géètì. Ẹ fá a kúrò pátápátá, nítorí ọ̀dà onítínà tẹ́ ẹ bá fín lé e yóò hunjọ bákan náà. Bí nǹkan kan kò bá ṣe é, ọ̀dà oníhádínà ni, èyí tí a po hádínà, ohun tó ń mú nǹkan le, mọ́; ìyẹn ló rọrùn jù.

Lẹ́yìn èyí ni ọṣẹ àti omi. Kí sáńpépà tó kan ọkọ̀ rárá, ẹ fi aṣọ tí tínà díẹ̀ wà lára rẹ̀ nù ún, kí ẹlòmíràn sì máa fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé yín. Àwọn tó kọ́kọ́ họ ọ́ kí wọ́n tó nù ún ń fi ọwọ́ ara wọn ti òróró wọ ojú họ́họ ni. Ohun tí wọ́n fi ń mú táyà àti dáṣíbọ́ọ̀dù dán ló burú jù: bó bá kù díẹ̀, ọ̀dà á sá fún un, á sì lu ihò róbótó róbótó bí ojú ẹja.

Híhọ

Ẹ fá ìpẹtà títí irin funfun á fi hàn. Ibi tó bá tẹ̀, ẹ fi bọ́dì fíílà dí i: gíráàmù 2 hádínà sí gíráàmù 100 fíílà ti tó. Bí hádínà bá pọ̀ jù, fíílà kì í le sí i, àwọ̀ hádínà náà ló máa ń yọ gba inú ọ̀dà jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fi sáńpépà 80 gé e, 180 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 320; bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni sáńpépà ṣe ń kúnná sí i. Ẹ má fi ìka lásán họ ọ́, ìka á gbẹ́ poro poro sí i. Ẹ we sáńpépà mọ́ pátákó pẹlẹbẹ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tẹ́ ẹ ti gé.

Ẹ fín práímà, ọ̀dà ìsàlẹ̀ tí ọ̀dà aláwọ̀ máa jókòó lé, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ wọ́n ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára, kẹ́ ẹ wá fi sáńpépà 400 tẹ́ ẹ rẹ sínú omi họ ọ́, lẹ́yìn náà 600. Ibi tí dúdú bá kù sí ni kòtò wà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ṣì kù sí, ẹ má tan ara yín.

Fífín

Ẹ̀rọ tí a fi ń fín kòkó kò lè ṣe é o, ẹ̀kán rẹ̀ ti tóbi jù. Ìbọn ọ̀dà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.3 tàbí 1.4 ni. Láràárọ̀, ẹ tú omi inú táńkì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dànù kẹ́ ẹ tó tàn án, kẹ́ ẹ sì ti ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀: bí iná bá lọ láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì, àpá ibẹ̀ kì í parẹ́.

Ọ̀dà aláwọ̀ kọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sinmi ìṣẹ́jú 10 sí 15 láàárín wọn. Kò ní dán, ẹ má bẹ̀rù. Kílíà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tí a ń fín kẹ́yìn, ló kàn. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìwọ̀n kílíà 2 sí hádínà 1, ṣùgbọ́n ohun tó wà lára agolo ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ po ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa lò, torí ooru wa ń mú kó tètè dì. Ẹ jẹ́ kí ìbọn jìnnà tó ìbú ọwọ́ kan tẹ́ ẹ yà síta, kí ìlà kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú, kí ọwọ́ má sì dúró lójú kan. Òrùlé lẹ máa kọ́kọ́ fín. Bí ọwọ́ bá lọ́ra tàbí tó sún mọ́ jù, kílíà á ṣàn. Bí ó bá jìnnà jù tàbí tí kílíà ki jù, ojú rẹ̀ á rí bí èèpo ọsàn.

Hádínà kílíà ní kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate nínú, ó sì lè dá ikọ́-fée (asthma) sílẹ̀. Aṣọ tẹ́ ẹ so mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ìbòmú oníkátíríìjì tó wà fún èéfín tínà ni kẹ́ ẹ lò, kí ọmọdé, adìẹ àti iná ìdáná sì jìnnà síbẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ

Ẹ fi í sílẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ rẹ sáńpépà 1500 sínú omi tí ọṣẹ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ fi họ èèpo ọsàn náà títí ojú rẹ̀ á fi ṣú dọ́gba, kẹ́ ẹ wá fi 2000 pa ojú họ́họ 1500 rẹ́. Ibi tó ń dán kóókòòkó bí ìràwọ̀ nínú ṣíṣú yẹn ni kòtò tó kù. Ẹ lẹ téèpù mọ́ gbogbo etí, nítorí ibẹ̀ ni kílíà ti fẹ́lẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ni kọ́ńpáùn, ìpara tí a fi ń mú ojú kílíà dán. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ lẹ fi ń pa á, ẹ má jẹ́ kó dúró lójú kan, yóò jó o. Etí tí àwọ̀ abẹ́ bá ti yọ níbẹ̀, kọ́ńpáùn kò lè dá a padà. Fífín lẹ máa tún un fín.

Ẹ má fi ìda pa á fún ọjọ́ 30, kí tínà tó kù lè ráyè jáde. Ẹ má gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. Ìgbẹ́ ẹyẹ ni kẹ́ ẹ fi omi rẹ̀ kẹ́ ẹ tó nù ún, torí bẹ́ ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, yanrìn inú rẹ̀ á fá kílíà tí kò tíì le.