Ọkọ̀ tó ń padà lófìfo
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní àbá kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kó aṣọ láti Èkó wá sí ọjà Gbági n'Íbàdàn ló ń padà lófìfo. Epo àlọ àtàbọ̀ ni ẹ̀ ń rà, owó àlọ nìkan ló ń wọlé. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó bá jó ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó lé ní kílò 2.6 sójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé tiwa àti tàwọn ọmọ wa gbóná nìyẹn. Kí ọkọ̀ tó kúrò l'Ékòó, ẹ ti pe àwọn oníṣu àti ẹlẹ́lùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Àwọn náà ń wá ẹni tí yóò bá wọn kó ẹrù lọ sí Èkó. Ẹ jọ sọ iye owó rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má sì di ẹrù ju agbára ọkọ̀ lọ. Ẹrù àbọ̀ yìí ló ṣe kókó jù lójú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọ̀kadà jíṣẹ́, ẹ kó ẹrù Mọ́kọ́lá àti ti Sángo lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ tó kọjú sí Challenge. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà máa wọn afẹ́fẹ́ táyà láàárọ̀, nítorí táyà tó rọ̀ a máa jẹ epo. Bẹ́ ẹ bá sì ń dúró de ẹrù, ẹ pa ẹ́ńjìnnì.