Bí mo ṣe ń sọ kọ́ọ̀pù di gíráàmù

Wọ́n ní kí n ṣe chin-chin fún ìgbéyàwó kan lọ́dún tó kọjá. Mo ní kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bá mi wọn fúláwà, kọ́ọ̀pù mẹ́jọ. Kọ́ọ̀pù mẹ́jọ náà ló wọ̀n lóòótọ́, àmọ́ ó ń gbá ìdí kọ́ọ̀pù mọ́ tábìlì kó lè gbà sí i. Lọ́jọ́ kejì ìyá ìyàwó pè mí: àwọn àgbà kò rí chin-chin run, ó ti le jù.

Mo ní kó tún un wọ̀n lójú mi, mo gbé e lé sìkéèlì: 150 gíráàmù. Èmi fi ṣíbí bu tèmi díẹ̀díẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù kan náà, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá èyí tó yọrí kúrò: 120. Ọgbọ̀n gíráàmù lọ́nà mẹ́jọ, 240 ni. Kọ́ọ̀pù méjì gbáko ló ti wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́, èmi ni mi ò kọ́ ọ.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ mọ bí kọ́ọ̀pù tiyín ṣe tóbi tó. Ẹ gbé e lófìfo sórí sìkéèlì, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń dá a padà sí òdo, kí ẹ wá bu omi kún un dé etí. Gíráàmù tí ẹ bá rí, mìlílítà tí kọ́ọ̀pù náà ń gbà nìyẹn, torí mìlílítà omi kan, gíráàmù kan ni. Kọ́ọ̀pù àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń tó 240. Agolo mílíìkì tí mo fi ń wọn nǹkan nílé mi, 170 ni.

Nínú kọ́ọ̀pù 240, fúláwà jẹ́ 120 gíráàmù, ṣúgà 200, òróró bí 220, bọ́tà 227, oyin bí 340. Ẹ wo fúláwà àti oyin: kọ́ọ̀pù kan náà, àmọ́ oyin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta fúláwà. Ìdí nìyí tí kò fi sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó lè bá gbogbo nǹkan mu.

Bí kọ́ọ̀pù tiyín kì í bá ṣe 240, ẹ fi 240 pín gíráàmù tí mo kọ yìí, kí ẹ wá fi iye tí kọ́ọ̀pù yín ń gbà sọ ọ́ di púpọ̀. Fúláwà: 120 nínú 240, ìdajì ni, nítorí náà agolo mi ń gba 85. Ṣúgà: 200 nínú 240, lọ́nà 170, ó tó 142.

Gààrí ni kí ẹ má bá mi gba nọ́ńbà rẹ̀. Ti Ìjẹ̀bú kúná, ó sì gbẹ. Òmíràn rí hóró-hóró. Ẹ wọn èyí tó wà nílé yín lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú èyí tó wà láàárín.

Iyọ̀ àti yíìsì ńkọ́? Ṣíbí ni kí ẹ fi wọ̀n wọ́n. Ṣíbí ìjẹun jẹ́ mìlílítà 15, ṣíbí tíì 5. Sìkéèlì ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan kì í rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ dáadáa.