Bí a Ṣe Ń Ṣírò Ìrìn Òfurufú láti Èkó sí New York

Màmá mi wo tíkẹ́ẹ̀tì wọn nínú oṣù Kìíní: bàálù á gbéra l'Ékòó ní aago 11:30 alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, á balẹ̀ sí New York ní aago 5:00 ìdájí. Wọ́n ní, "Wákàtí márùn-ún àbọ̀ péré? Ìbàdàn sí Sókótó gan-an jù bẹ́ẹ̀ lọ!" Wọn ò ṣì í kà. Aago ìlú méjì ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.

Ẹ kọ́kọ́ wá bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ẹ má fi rúlà wọn máàpù orí bébà, irọ́ ló máa pa fún yín, torí ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ẹ wá glóòbù ọmọ iléèwé, kí ẹ na òwú ìránṣọ lé e láti Èkó dé New York, kó le dáadáa. Ẹ wá fi òwú mìíràn yí ìbàdí glóòbù náà ká. Àyíká ayé tó nǹkan bíi 40,000 kìlómítà; bí òwú yẹn bá jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún 400 kìlómítà nìyẹn. Òwú Èkó sí New York á fi díẹ̀ lé ní 21. Tí a bá ṣe é dáadáa, nǹkan bíi 8,440 kìlómítà ni. Ẹni tí kò ní glóòbù lè wọ̀n ọ́n lórí Google Earth, àmọ́ òwú yẹn dùn ún ṣe pẹ̀lú ọmọdé.

Bàálù ńlá ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ pín in: wákàtí mẹ́sàn-án àti ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀. Ẹ fi ìdajì wákàtí kún un fún gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀, torí eré rẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ó ku afẹ́fẹ́. Láti ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ líle ti ń fẹ́ lókè Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún. Ó ń kọjú ìjà sí ẹni tó ń lọ, ó sì ń ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, àlọ lè tó wákàtí mọ́kànlá tàbí kó lé díẹ̀, àbọ̀ sì máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá kan aago. Ti Nàìjíríà kì í yí. Ti New York ni wọ́n ń sún síwájú ní wákàtí kan, láti ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta títí di Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá. Nígbà òtútù, a fi wákàtí mẹ́fà ṣíwájú wọn. Nígbà ooru, márùn-ún. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di aago Èkó kí ẹ tó yọ ọ́: 5:00 ìdájí tiwọn, 11:00 òwúrọ̀ tiwa. Láti 11:30 alẹ́, wákàtí mọ́kànlá àbọ̀ ni. Bí ẹ bá máa yà ní ìlú mìíràn, ọ̀nà kan náà ni, ìjókòó ibẹ̀ á sì ti wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó ń bọ̀ wá gbé yín ò nílò ìṣírò kankan, kó ṣáà wo déètì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti dé pápákọ̀ òfurufú New York láago márùn-ún ìdájí Jímọ̀. Ó pè wá. Màmá ṣì ń di ẹ̀gúsí sínú báàgì.