Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Ìròyìn Ìwádìí Oúnjẹ Wò Kí Ẹ Tó Yí Ìkòkò Ọbẹ̀ Yín Padà

Ewúro ń wo àtọ̀gbẹ, aáyù ń lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ, "àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀." Kò sí ọ̀sẹ̀ tí WhatsApp ò ní gbé irú ẹ̀ wá. Báwo ni wọ́n ṣe fìdí ẹ̀ múlẹ̀? Ẹ lè fi fóònù àti sùúrù díẹ̀ wádìí ẹ̀ fúnra yín.

1. Ẹ wá kèké

Nínú ìwádìí kan, wọ́n kàn ń wo ohun tí oníkálùkù ń jẹ, wọ́n á wá ka àwọn tí àìsàn mú. Nínú òmíràn, kèké ló ń sọ ẹni tó máa jẹ èyí àti ẹni tó máa jẹ tọ̀hún. Kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń ṣẹ́ ẹ lóde òní. Bí ìròyìn náà ò bá mẹ́nu ba kèké, ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Ìdí ni pé ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa kì í sábà mu sìgá, ó ṣeé ṣe kó lówó lọ́wọ́, kó sì máa tètè rí dókítà. Èwo nínú wọn ló gbà á lọ́wọ́ àìsàn? Ẹ wo ọ̀rọ̀ beta-carotene, èròjà tó wà nínú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ dáadáa kì í sábà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ni ọ̀pọ̀ bá gbà pé òun ló ń dáàbò bò wọ́n. Wọ́n wá kó 29,133 ọkùnrin tó ń mu sìgá jọ ní Finland, wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n fún àwọn kan ní hóró beta-carotene, wọ́n fún àwọn mìíràn ní hóró tí kò ní in nínú. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó ń gbé e mì.

2. Ẹ béèrè ọwọ́ ẹni tí kèké wà

PREDIMED, ìwádìí kan ní Sípéènì, bẹ̀rẹ̀ ní 2003. 7,447 ènìyàn tí ewu àrùn ọkàn wà lára wọn, ṣùgbọ́n tí kò tíì mú wọn, ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń gba òróró ólífì ọ̀fẹ́, nǹkan bíi lítà kan lọ́sẹ̀ fún agbolé. Àwọn kejì ń gba álímọ́ńdì àti irú èso bẹ́ẹ̀, 30 gíráàmù lójúmọ́. Wọ́n kọ́ àwọn tó wà ní ọ̀nà méjèèjì yìí láti máa jẹ ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso bíi ti àwọn ará etí òkun Mẹditaréníà. Àwọn kẹta ní tiwọn, ìmọ̀ràn ni wọ́n gbà pé kí wọ́n dín ọ̀rá kù. Ní 2013, wọ́n kéde pé ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú tó tinú wọn wá fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní ọ̀nà méjì àkọ́kọ́.

Ní 2017, John Carlisle, dókítà tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ ní England, yẹ nọ́ńbà inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwádìí wò. Bí kèké bá ṣe déédéé, ìṣirò mọ bó ṣe yẹ kí ọjọ́ orí, gíga àti ìwọ̀n ara ènìyàn pín káàkiri. Ti PREDIMED ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni iṣẹ́ náà tú u wò, wọ́n rí i pé 425 ènìyàn jẹ́ ọkọ, ìyàwó tàbí ará ilé ẹni tó ti wà nínú ẹ̀, tí wọ́n kàn fi sí ọ̀nà kan náà láìṣẹ́ kèké. Ti àwọn abúlé kan tiẹ̀ tún pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ará ibẹ̀ ń ráhùn pé aládùúgbò àwọn ń gba òróró ọ̀fẹ́, èso bí álímọ́ńdì lásán ló kan àwọn. Olùwádìí tó wà níbẹ̀ bá fún gbogbo ẹni tó ń lọ sí ilé ìwòsàn kan náà ní nǹkan kan náà, kò sì sọ fún àwọn ọ̀gá ẹ̀. Ìlú wo ni wọn ò ti ní ráhùn?

Ní oṣù kẹfà 2018, wọ́n fa ìwé tí wọ́n fi kéde èsì 2013 sẹ́yìn, wọ́n sì tún un tẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ 1,588 ènìyàn tí ọ̀rọ̀ kàn, èsì ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àmọ́ wọn ò fọwọ́ sọ̀yà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ pé oúnjẹ náà ló fà á. Èmi ṣì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti 2013.

3. Ẹ yọjú wo abọ́ ẹnìkejì

A lè ṣe hóró méjì kí wọ́n jọra. Ta ló lè ṣe ẹ̀wà kó jọ ẹran lójú ẹni tó ń jẹ ẹ́? Nítorí náà, oníkálùkù mọ ọ̀nà tí wọ́n pín òun sí, ó sì lè ṣe bó ṣe wù ú. Nínú ìwádìí Women's Health Initiative ní Amẹ́ríkà, tí 48,835 obìnrin wà nínú ẹ̀, wọ́n ní kí àwọn kan jẹ́ kí ọ̀rá mọ sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí oúnjẹ ń fún wọn. Nígbà tó fi di ọdún kẹfà, ó ti padà sí nǹkan bí 29. Èsì 2006 ò lè fi dáni lójú pé jẹjẹrẹ ọmú dín kù. Ṣé ọ̀rá ò jámọ́ nǹkan ni, àbí wọn ò dín in tó? Wọ́n ṣì ń jiyàn.

4. Ẹ wo ohun tí wọ́n kà

Ṣúgà tó wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kì í ṣe àtọ̀gbẹ tí a dènà. Ẹ wá ìwádìí tó ka aláìsàn, tó sì pẹ́.

5. Ẹ sọ ìdá di ènìyàn

Diabetes Prevention Program ti Amẹ́ríkà, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2002, kó 3,234 ènìyàn jọ tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ga. Oúnjẹ àti eré ìdárayá fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín àtọ̀gbẹ kù, oògùn metformin fi 31 dín in kù. Ẹ béèrè báyìí: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, mélòó? Láàárín ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 29 ló ní àtọ̀gbẹ nínú àwọn tó ń gba hóró tí kò ní oògùn, 22 nínú àwọn tó ń lo metformin, 14 nínú àwọn tó yí ìgbé ayé wọn padà. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn nǹkan bíi kílò 6 fún ẹni tó wọn 90, kí wọ́n sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ìyẹn ló jẹ́ kí n kà á sí tiwa náà. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn, kó rí dókítà kó tó dá a dúró o.

6. Ẹ wá ìlérí tí wọ́n ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ tẹ orúkọ ìwádìí náà, tàbí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT, sórí ClinicalTrials.gov, ibi tí àwọn olùwádìí ti ń forúkọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PACTR, Pan African Clinical Trials Registry ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ àti ohun tí wọ́n ní àwọn máa kà. Bó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, tó wá jẹ́ pé ìwọ̀n ara ni ìròyìn ń pariwo, ẹ béèrè èsì rọpárọsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́.