Bí mo ṣe ka ewì Okigbo lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun

Àwọn ọmọ girama kan ni mo ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ní Òṣogbo níbí, lórí ohun tí odò, afárá àti igi ń ṣe nínú ewì ìgbàlódé. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ kò dára rárá: odò dúró fún ìyè, afárá fún ìrékọjá, igi fún àwọn baba ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ á há a sórí wọnú ìdánwò, ewì á sì kú sórí bébà.

Mo fa ìwé yẹn ya. Mo mú ewì tí Christopher Okigbo, akéwì ọmọ Ígbò, fi ṣí ìwé ewì rẹ̀, Heavensgate (1962), níbi tó ti ń ké pe Idoto, odò abúlé rẹ̀ ní Ojoto. Mo fàlà sábẹ́ ohun tí ara ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń ṣe nìkan: ó wà níhòòhò níwájú omi, ó fara ti igi ugba, kò wọ bàtà, ó ń dúró.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé ìwé náà lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. Mi ò tíì dé ojúbọ tí ìyá àgbà kan fi nawọ́ sí ẹsẹ̀ mi.

“Ọmọ mi, bọ́ bàtà ẹ.”

“Ẹ má bínú, ìyá.”

Ilẹ̀ tutù, òkúta wẹ́wẹ́ ń gún mi, mi ò sì lè yára mọ́. Ibẹ̀ ni ewì náà ti yé mi. Ilé Kátólíìkì ni wọ́n ti tọ́ Okigbo, bàbá ìyá rẹ̀ sì jẹ́ àwòrò Idoto. Nínú ewì náà, ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ onínàákúnàá, ọ̀rọ̀ inú Bíbélì, síbẹ̀ iwájú odò ìran rẹ̀ ló gbé e wá. Ọmọ tó lọ tó padà gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n tó ní kó wọlé.

Mo wá ṣí The Waste Land, ewì tí T. S. Eliot, akéwì tó ń gbé ní London, gbé jáde ní 1922. Èrò ń rọ́ lórí Afárá London nínú kùrukùru àárọ̀, oníkálukú tẹjú mọ́ iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Èèyàn ni Eliot ní ó ń ṣàn, bí ẹni pé wọ́n ti gba iṣẹ́ omi ṣe, bẹ́ẹ̀ wọ́n dà bí òkú. Òun náà ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ládùúgbò yẹn nígbà náà.

Ní Mọ́ńdè, mo ní kí àwọn ọmọ kọ ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe nínú ewì méjèèjì. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè: “Sà, ta ló máa sọ fún àwọn ará London yẹn pé kí wọ́n bọ́ bàtà?” Orí ìbéèrè yẹn la wà títí aago fi lù.